Mo tún fẹ́ dirun: kí ni kí n ṣe sí irun mi ṣáájú?

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Irun mi kò ní rílásà, ó ki, ó sì máa ń sún kì gan-an. Láàárọ̀ ọjọ́ tí mo fẹ́ lọ dirun ni mo fọ̀ ọ́, mo fi ìpara pa gbogbo rẹ̀ dáadáa kó má baà gbẹ, mo sì jáde. Box braids (ìdì ẹyọ kọ̀ọ̀kan) pẹ̀lú atáṣímẹ́ǹtì ni wọ́n ṣe fún mi. Kó tó di ọjọ́ kẹta, orí ti ń yún mi. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, nǹkan funfun ti ń yọ ní ìdí irun. Oṣù mẹ́ta ló lò lórí mi. Lọ́jọ́ tí mo tú u, ìdìpọ̀ irun ló ń wá sí mi lọ́wọ́, etí iwájú sì ti fẹ́lẹ́. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí n tún dì í. Kí ni kí n ṣe sí irun náà ṣáájú?"

Ìdáhùn:

Ẹ ṣeun tí ẹ to ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹẹsẹ, ó jẹ́ kó rọrùn láti mọ ibi tí ó ti wọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni ì bá di gbogbo ẹ̀bi ru onídìrí tàbí atáṣímẹ́ǹtì. Onídìrí lè ní ẹ̀bi tirẹ̀, a ó débẹ̀, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú ohun tó ṣe yín ti wà lórí yín kí ẹ tó jókòó sórí àga rẹ̀. Irun tí a fẹ́ dì gbọ́dọ̀ mọ́, kó gbẹ dé ìdí, kó ti nà, kí ohun tí a fi pa á sì jẹ́ díẹ̀. Tiyín mọ́ lóòótọ́, àmọ́ kò gbẹ, kò nà, ìpara sì kún un fọ́fọ́.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ẹ̀rù kan kúrò. Kì í ṣe gbogbo irun tó wá sí yín lọ́wọ́ ló já. Irun orí èèyàn máa ń re lójoojúmọ́, bí ẹyọ 50 sí 100, kò sì sí àìsàn níbẹ̀. Bí a kò bá dirun, àwọn tó re á bọ́ sílẹ̀ nígbà tí a bá ń yà á. Bí a bá dì í, wọn kò rí ọ̀nà jáde; inú ìdì ni wọ́n ń dúró sí. Ẹ bá mi fi 50 ṣírò fún ọjọ́ 90: ẹyọ 4,500 nìyẹn, ìyẹn tí a bá fi èyí tó kéré jù ṣe é. Ó tó ohun tí ń dẹ́rù bani nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá jáde lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Tí ẹ bá fẹ́ mọ ìyàtọ̀, ẹ mú ẹyọ irun bíi mẹ́wàá, ẹ tẹ́ wọn sórí nǹkan tí àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ sí ti irun yín, kí ẹ sì fi ìka wá ìdí wọn. Èyí tó re máa ń gùn tó irun yín, kókó funfun tíńtín kan á sì wà ní ìdí rẹ̀. Èyí tó já máa ń kúrú, kò sì ní kókó kankan ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Bí àwọn kúkúrú bá pọ̀ ju àwọn gígùn lọ, a jẹ́ pé irun ti gbó tàbí pé wọ́n fà á jù. Etí iwájú tó fẹ́lẹ́ jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn, màá padà sí i.

Omi, ìpara àti nǹkan funfun yẹn

Àwọn ìsopọ̀ kéékèèké wà nínú ẹyọ irun tí omi máa ń tú. Bí irun bá ti rin, wọ́n á tú, irun á rọ̀, á máa nà, á sì tètè já bí a bá fà á le. Bí ó bá ń gbẹ, wọ́n á tún so padà, irun á sì sún kì sí bó ṣe ń ká tẹ́lẹ̀. Irun tó ká mọ́ra gan-an lè pàdánù ju ìdajì gígùn rẹ̀ lọ nígbà tó bá gbẹ. Ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀: onídìrí fa irun tútù títí ó fi nà tán, ó dì í mọ́ atáṣímẹ́ǹtì tí kì í sún kì rárá, ó sì há síbẹ̀. Lóru, irun yín gbẹ, ó fẹ́ sún sẹ́yìn, kò rí ààyè, ló bá ń fa ìdí. Ìdí nìyẹn tí irun tí kò dun èèyàn lórí àga fi lè máa dùn ún lọ́jọ́ kejì nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tún fọwọ́ kàn án mọ́.

Yàtọ̀ sí èyí, ìdì tó tutù nínú kì í tètè gbẹ. Atáṣímẹ́ǹtì oníke kì í fa omi mu, ó kàn ń bo omi mọ́lẹ̀ ni. Orí á máa lóòórùn, bí aṣọ tí a ká sílẹ̀ kó tó gbẹ.

Ìpara ńkọ́? Ìpara kì í fún irun lómi. Ohun tó ń ṣe ni pé kó sé ọ̀nà mọ́ omi tó ti wà nínú irun kó má tètè jáde. Bí ẹ bá pa á sórí irun gbígbẹ, gbígbẹ náà lẹ dáàbò bò. Bí ẹ bá sì fi pa awọ orí, ìjà mìíràn lẹ dá sílẹ̀: kòkòrò aláìṣeéfojúrí kan wà tí wọ́n ń pè ní Malassezia, orí gbogbo èèyàn ló ń gbé, ọ̀rá ló sì ń jẹ. Níwọ̀n, kò ní wàhálà. Ẹ wá fún un ní ìpara tó nípọn, ọ̀rinrin tí kò gbẹ àti ibi tí afẹ́fẹ́ kò ti tó, á pọ̀ sí i, orí á máa yún, awọ á sì máa ṣí ní èérún funfun. Ẹni tí dándrọ́ọ̀fù ti ń yọ lẹ́nu tẹ́lẹ̀ kò gbọ́dọ̀ fi òróró pa awọ orí ṣáájú ìdirun rárá, ohun yòówù kí wọ́n sọ pé òróró náà ń wò.

Nǹkan funfun yẹn tún lè wá láti ibi tí kò sí àìsàn. Kọndíṣọ́nà tí a kì í ṣan kúrò àti jẹ́ẹ̀lì tí onídìrí fi ń la ojú irun lè má bára mu. Kí ẹ tó lo méjèèjì, ẹ fi ìwọ̀n ẹ̀wà kan nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀yìn ọwọ́, ẹ pò ó pọ̀, kí ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 5, kí ẹ wá fi ìka rà á. Bí ó bá wà ní dídán, tí kò yí padà, ẹ máa lò wọ́n lọ. Bí ó bá ń ká jọ, tó ń di èérún, bó ṣe máa rí lórí yín nìyẹn. Ẹ mú jẹ́ẹ̀lì tiyín dání lọ sọ́dọ̀ onídìrí, ó dára ju kí ẹ máa lo ohun tí ẹ kò mọ̀.

Ọ̀sẹ̀ kìíní: ẹ wo irun, ẹ má tíì ṣe é

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ì bá dára jù lọ nítorí etí iwájú yín. Ẹni tó bá tú irun lónìí tó dì òmíràn lọ́la kò fún awọ orí láyè àtisinmi, irun tó ti gbó á sì wọnú ìdì tuntun láìsí àtúnṣe.

Ohun àkọ́kọ́ ni kí ẹ mọ irú ebi tó ń pa irun. Ẹ mú ẹyọ irun kan tó ti re, ẹ fi omi rin ín, ẹ di orí rẹ̀ méjèèjì mú, kí ẹ rọra fà á. Bí ó bá nà díẹ̀ tó sì padà síbi tó wà, kò nílò ohun àkànṣe kankan. Bí ó bá nà, nà, nà, tí kò padà, tó wá já, purotéènì ló ń wá, ìyẹn ohun ìtọ́jú irun onípurotéènì tí wọ́n ń tà nínú ike. Bí kò bá tilẹ̀ nà kó tó já, omi àti kọndíṣọ́nà ló ń wá, tí ẹ bá sì fi purotéènì kún un, ẹ óò bà á jẹ́ sí i. Ẹ ṣe é pẹ̀lú ẹyọ mẹ́rin tàbí márùn-ún láti iwájú, àárín àti ìpàkọ́, torí orí kan náà lè ní irun oríṣi méjì.

Bí ó bá jẹ́ purotéènì, ó kéré tán kí ó ku ọjọ́ 7 sí ìdirun kí ẹ tó lò ó, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, fún iye ìṣẹ́jú tí wọ́n kọ sára ike rẹ̀, má fi kún un. Lẹ́yìn tí ẹ bá ṣan án, ẹ fi kọndíṣọ́nà tó ń rọ irun tẹ̀ lé e lọ́jọ́ kan náà. Purotéènì máa ń mú irun le. Bí ẹ bá lò ó nígbà tí ìdirun ku ọ̀la, irun tó le gbagidi ni onídìrí máa fà, á sì máa já lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn kan máa ń po ẹyin tútù mọ́ irun dípò rẹ̀. Purotéènì inú ẹyin tóbi jù láti wọ inú ẹyọ irun, ojú irun ló ń dúró sí, bí ẹ bá sì fi omi gbígbóná ṣan án, á sè mọ́ orí yín. Purotéènì tí wọ́n ti gé sí wẹ́wẹ́ nílé iṣẹ́ ni kí ẹ wá.

Ọ̀sẹ̀ kan náà ni kí ẹ gé ṣóńṣó irun. Èyí tó ti là sí méjì kò ní lẹ̀ padà, á kàn máa là sókè sí i nínú ìdì ni. Àwọn kókó kéékèèké tí ẹyọ irun ta fúnra rẹ̀ náà á máa há mọ́ ẹyọ mìíràn. Ẹ na irun díẹ̀díẹ̀, ẹ gé ìwọ̀n ààbọ̀ sẹ̀ǹtímítà sí sẹ̀ǹtímítà 1. Sáàsì tí ẹ fi ń gé bébà kò dára fún un, á fọ́ ẹnu irun ni.

Ọjọ́ méjì ṣáájú: fífọ̀

Má fọ irun lọ́jọ́ ìdirun mọ́. Ọjọ́ méjì ṣáájú ló dára, kí ọjọ́ kan lè wà fún gbígbẹ àti nínà.

Ẹ pín irun sí ọ̀nà 6 sí 8, kí ẹ fi kílíìpù mú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń fò, tí irun á wá dì pọ̀ mọ́ra lábẹ́ omi. Ẹ lo ṣampú tó ń fọ ìdọ̀tí jáde dáadáa, kì í ṣe èyí tó kún fún òróró, torí ìpara tí ẹ ti ń pa fún oṣù mélòó kan kò ní gbọ́ ti ṣampú tó rọ̀. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni. Omi gbígbóná á mú kí awọ orí gbẹ jù. Ẹ fi ọmọ ìka fọ awọ orí láìlo èékánná, ẹ̀ẹ̀mejì. Ìhó tó bá ń ṣàn wálẹ̀ á fọ gígùn irun fúnra rẹ̀, ẹ má fi ọwọ́ pò ó mọ́ra.

Lẹ́yìn náà ni kọndíṣọ́nà, bíi ṣíbí ńlá 1 fún ọ̀nà kọ̀ọ̀kan bí irun bá dé èjìká. Ìgbà tí kọndíṣọ́nà ṣì wà lára irun ni kí ẹ yà á, ṣóńṣó ni kí ẹ sì ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi ìka tú àwọn tó ta kókó, kí ẹ tó mú òòyà tí eyín rẹ̀ jìnnà síra. Ẹ ya ìwọ̀n ìka mẹ́ta ní ìsàlẹ̀, ẹ gòkè díẹ̀, ẹ tún yà á wálẹ̀, títí ẹ fi dé ìdí. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti ìdí, gbogbo kókó ló ń fà wálẹ̀ sójú kan, níbẹ̀ sì ni irun ti ń já. Bí òòyà bá kọ̀, ẹ fi kọndíṣọ́nà kún un, ẹ má fi agbára kún un. Irun tí òòyà kò bá kọjá nínú rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́ lónìí, ìlarun onídìrí ni yóò fa á já lọ́jọ́ kejì.

Ẹ wá fi kọndíṣọ́nà tó nípọn sí i, ẹ fi láílọ́ọ̀nù bo orí, ẹ fi aṣọ ìnura tó lọ́wọ́ọ́wọ́ wé e, ìṣẹ́jú 20 sí 30. Sísùn mọ́jú pẹ̀lú rẹ̀ kò fi nǹkan kún un, àsọdùn ni. Ẹ ṣan án títí omi tó ń jáde á fi mọ́ pátápátá. Ẹ má jẹ́ kí ó yọ̀ lọ́wọ́ mọ́, nítorí kọndíṣọ́nà tó kù ní ìdí irun wà lára ohun tí ń di èérún.

Ẹ fi aṣọ òwú tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ omi kúrò, má fi táwẹ̀lì ra á. Kí irun tó gbẹ, ẹ fi kọndíṣọ́nà olómi tí a kì í ṣan kúrò sí i, ṣíbí kékeré 1 fún ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, kí ó pọ̀ ní ṣóńṣó ju ìdí lọ. Òróró wá tẹ̀ lé e: ẹ kán ìkán 3 tàbí 4 sí àtẹ́lẹwọ́, ẹ ra á, ẹ fi pa ọ̀nà kan. Ó ti tó. Bí irun bá gbẹ tán, ẹ fi bébà ìnuwọ́ di ìdì irun kan mú, ẹ fà á sísàlẹ̀. Bí ojú bébà bá ní àmì ọ̀rá tó gbòòrò, ẹ ti pa á jù. Irun tó bá ń yọ̀, atáṣímẹ́ǹtì kì í mú un dáadáa. Onídìrí á wá máa fà á le kó lè dúró, ìyà yẹn sì padà sórí yín nìyẹn.

Nínà

Ọ̀nà tí mo fara mọ́ jù ni kí ẹ fi òwú kó o. Iná kò sí níbẹ̀, irun á sì nà dé ìdí. Ẹ jẹ́ kí irun gbẹ dé bíi ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá, ẹ pín in sí ìdì 8 sí 12, ẹ ro òwú mọ́ ìdí lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta láìfún un, kí ẹ wá máa ro ó wálẹ̀ dé ṣóńṣó, kí àyè díẹ̀ wà láàárín ìró kan sí èkejì kí afẹ́fẹ́ lè wọlé. Bí awọ orí bá ti ń ta lábẹ́ òwú, ẹ ti fún un jù. Ẹ sùn mọ́jú pẹ̀lú rẹ̀. Bí ẹ bá tú u láàárọ̀ tí ìdí rẹ̀ ṣì tutù, ẹ tún un kó, kò tíì gbẹ.

Dráyà náà dára bí àkókò bá kéré, ṣùgbọ́n ẹ má gbé e sí irun tí omi ń kán lára rẹ̀. Nígbà tí ooru líle bá bá omi nínú ẹyọ irun, omi náà lè hó, á sì ṣe ihò kéékèèké sínú irun, ibẹ̀ ni yóò ti máa já lẹ́yìn náà. Ẹ jẹ́ kó gbẹ dé ìdajì ó kéré tán, ẹ fi ohun tó ń dáàbò bo irun lọ́wọ́ ooru sí i, ẹ yí i sí ìwọ̀n àárín, kí ẹnu rẹ̀ kọjú sísàlẹ̀ láti ìdí lọ sí ṣóńṣó, kó sì jìnnà sí irun tó sẹ̀ǹtímítà 15. Ìdí irun ló yẹ kó gbẹ jù, ibẹ̀ sì ni àwọn èèyàn kì í dé. Irin gbígbóná tó ń mú irun tọ́ gbọnrangandan, ẹ kò nílò rẹ̀: irun tó tọ́ jù máa ń yọ̀ kúrò nínú ìdì, ẹ sì lè má rí ìká irun yín bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ mọ́.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti gbẹ dé ìdí? Ẹ la irun ní àárín orí àti ní ìpàkọ́, ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ìdí rẹ̀. Irun tó ṣì lómi máa ń tutù sí ẹ̀yìn ọwọ́ kódà nígbà tí ojú bá sọ pé ó ti gbẹ. Ìpàkọ́ ni ó máa ń gbẹ gbẹ̀yìn.

Atáṣímẹ́ǹtì náà nílò ìmúrasílẹ̀

Yíyún tó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kẹta lè wá láti ara rẹ̀ pẹ̀lú. Wọ́n máa ń fi kẹ́míkà pa atáṣímẹ́ǹtì oníke nílé iṣẹ́, awọ ẹlòmíràn kò sì gbà á. Ẹ má tú rọ́bà tó so ó. Ẹ da fínígà ife 1 sí omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ife 3 tàbí 4, ẹ rì í sínú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 20 sí 30. Lára àwọn kan, ẹ óò rí ohun funfun tó léfòó sójú omi. Ẹ ṣan án títí òórùn fínígà á fi lọ, ẹ so ó kọ́ mọ́jú, kó gbẹ pátápátá. Bí awọ yín bá tètè ń bínú, ẹ so fọ́nrán kan mọ́ ẹ̀yìn etí fún wákàtí mélòó kan kí ẹ wò ó bóyá yóò yún tàbí kó pọ́n. Kí ẹ sì fi ọwọ́ fa ṣóńṣó rẹ̀ kó má gún régé, kí ẹnu ìdì lè rí bí irun gidi. Ẹ ṣe é nílé, onídìrí tó ń kánjú kì í ṣe é dáadáa.

Lórí àga

Etí iwájú wá kàn. Irun tí a fà le lójúkan fún ìgbà pípẹ́ máa ń kú ní ìdí. Níbẹ̀rẹ̀, ó lè hù padà tí a bá dáwọ́ dúró. Bí ó bá pẹ́ títí awọ fi le, tó ń dán, tí kò sì sí ojú ihò irun mọ́, kì í sábà padà. Àmì tó ń ṣáájú ni kókó kéékèèké tó ń yọ ní ojú ìlà irun, nígbà míì pẹ̀lú ọyún, àti orí tó ń dun èèyàn bí ó bá gbé ojú sókè. Nítorí pé tiyín ti fẹ́lẹ́, ìmọ̀ràn mi ni pé kí onídìrí fi etí iwájú sílẹ̀ pátápátá, kó bẹ̀rẹ̀ ìdì kìíní ní ìwọ̀n ìka kan sẹ́yìn ìlà irun, ní iwájú, ní ẹ̀bátí àti ní ìpàkọ́. Ẹ lè fi kọndíṣọ́nà díẹ̀ tẹ́ èyí tó kù. Á yọ hẹ́ẹ́hẹ́ẹ́, ẹ jẹ́ kó yọ bẹ́ẹ̀. Bí ibi tó fẹ́lẹ́ bá ń gbòòrò sí i, ẹ lọ rí dókítà awọ ara kí ẹ tó dì ohunkóhun.

Ẹ sọ ohun mẹ́rin fún onídìrí kó tó bẹ̀rẹ̀. Ojú irun kí ó tóbi tó sẹ̀ǹtímítà 1 àti ààbọ̀ ní ìbú, torí irun tí ó wà lójú kékeré kò lè gbé atáṣímẹ́ǹtì tó wúwo. Kí atáṣímẹ́ǹtì má nípọn ju irun tiyín lọ lójú kọ̀ọ̀kan, pàápàá níwájú. Kí gígùn rẹ̀ má kọjá àárín ẹ̀yìn, nítorí gígùn náà ìwúwo ni. Kí ó sì ṣe knotless bó bá mọ̀ ọ́n, níbi tí irun yín fúnra rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ìdì kí ó tó máa fi atáṣímẹ́ǹtì kún un díẹ̀díẹ̀. Kò sí kókó tó jókòó lórí awọ orí, ó sì máa ń fúyẹ́ ní ìdí. Ó máa ń gba àkókò ju èyí tó ní kókó lọ, kí ẹ má wá máa kánjú mọ́ ọn lórí.

Bí ó bá ń dun yín nígbà tó ń dì í lọ́wọ́, ẹ sọ ọ́ níbẹ̀, kó tú ìyẹn, kó sì ṣe é mìíràn. "Ó máa tó dẹ̀" kì í ṣe ìdáhùn. Lẹ́yìn náà, bí orí bá fọ́ yín lálẹ́, tí ẹ ò lè sùn, ẹ tú àwọn tó ń dun náà kí ẹ má baà gbé oògùn ìrora jẹ lé e. Awọ tó pọ́n ní ìdí ìdì kọ̀ọ̀kan kì í ṣe ohun tí omi gbígbóná ń mú kúrò, fífà ló fà á.

Àwọn kan wà tí mi ò ní gbà pé kí wọ́n dì í rárá lásìkò yìí: ẹni tó fi rílásà sí irun ní ọ̀sẹ̀ méjì tó kọjá, ẹni tó ní làpálàpá tàbí egbò lórí, àti ìyá ọlọ́mọ tí irun rẹ̀ ń re púpọ̀ ní oṣù kẹta sí ìkẹrin lẹ́yìn ìbímọ. Irun ìyá ọmọ yẹn máa ń padà fúnra rẹ̀. Ìwúwo atáṣímẹ́ǹtì kò ní ràn án lọ́wọ́. Ẹni tó ń dá rílásà dúró, tí irun rẹ̀ sì jẹ́ oríṣi méjì lára ẹyọ kan náà, lè dì í, àmọ́ kí ó mọ̀ pé ibi tí méjèèjì ti pàdé ni irun ti lè já jù, kí onídìrí má sì fà á rárá.

Kí ẹ má fi sí orí ju ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 lọ. Ní tiyín, ọ̀sẹ̀ 6. Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ tú u, ẹ má da omi sí i kí ẹ tó yà á. Ìdọ̀tí tó jókòó sí ìdí ìdì àti irun tó ti re á dì pọ̀ lábẹ́ omi, á di ohun tí ẹ óò fi sáàsì gé. Ẹ tú ìdì kan, ẹ fi ìka fa irun tó re jáde, ẹ fọ́n kọndíṣọ́nà díẹ̀ tí ẹ pò mọ́ omi sí ibi tó le nìkan, ẹ fi òòyà tí eyín rẹ̀ jìnnà kọjá lára rẹ̀, ẹ so ìdì náà, kí ẹ tó lọ sí èkejì. Ìgbà tí gbogbo orí bá ti yà tán, tí ẹyọ kankan kò sì há mọ́ èkejì mọ́, ni kí ẹ tó wá bù omi.